Ikú Lórí Ọ̀kadà

Bàbá Barnabas na fóònù náà jìnnà sí ojú bí ẹni tó gbá ejò lọ́rùn mú, ó ní kí Ẹ̀bùnọlá ka ohun tó kọ síbẹ̀ sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Ẹ̀bùnọlá wà lórí ìkúnlẹ̀ tó fi kí i, kò dìde, kò sì kà á. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ń tẹ bánà ìsìnkú bàbá arúgbó kan láti Omifunfun jáde díẹ̀díẹ̀. Orí ló kọ́kọ́ yọ. Bàbá náà ti ń rẹ́rìn-ín kó tó ní ọrùn.

Òrè ni wọ́n wà, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Motún tí Ẹ̀bùnọlá ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ Èkó àti ti Bìní ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Ajue, ìlú wọn, ni Bàbá Barnabas ti gun ọ̀kadà wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ẹ̀bùnọlá ni, alàgbà ìjọ ni, láti ìgbà tí bàbá ọmọ náà sì ti dolóògbé, òun ni òpó tí ilé fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ènìyàn líle. Ohun tó wà nínú fóònù náà ló sọ ọ́ di líle lọ́jọ́ náà.

Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ti ọ̀kadà nínú ẹrọ̀fọ̀, ojú ọ̀nà Ajue gan-an. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ yóò dá a mọ̀. Lórí ọ̀kadà, Ikú jókòó bí ọba, kùmọ̀ rẹ̀ wà lórí itan, ẹrọ̀fọ̀ kò kan bàtà rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà gbójú sókè, ó ní, “Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká jọ tì í. Àbí èmi nìkan ni mo ń kú lọ ni?”

Olúwaṣíjibòmí ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bùnọlá, àkọ́bí ìyá wọn. Ṣíji ni gbogbo ayé ń pè é. Inú òjò oṣù kẹwàá ni wọ́n sin ín. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé báyìí.

“A kì í fi ikú ṣeré, Ẹ̀bùn,” Bàbá Barnabas ní. “Òkú ọ̀fọ̀ lo fi ń pa àwọn ará Wasáàpù lẹ́rìn-ín.”

Motún, tó ni ṣọ́ọ̀bù, kò lè dákẹ́. Ó tẹríba kó tó sọ̀rọ̀, ó ní kí Bàbá má bínú. “Ṣebí àwa ará ibí náà la máa ń sọ pé ‘ó le kú, ìjà Òrè’, tí a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣé àwọn tó kú nínú ogun abẹ́lé náà kì í ṣe ọmọ ènìyàn ni, sà?”

Bàbá Barnabas kò jágbe mọ́ ọn. “Ìjà Òrè ti pẹ́, ọmọ mi,” ó ní. “Ilẹ̀ orí sàréè ọmọ yìí kò tíì gbẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ẹ̀bùnọlá lára, nítorí òótọ́ ni. Bàbá Barnabas wá sọ ohun tó gbé e wá gan-an. Kí ó yọ àwòrán náà kúrò, kí ó sì wá kúnlẹ̀ níwájú ẹbí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Títí di ìgbà náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilé ìyá rẹ̀. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ akọrin ti fi àwòrán náà han ìyá náà. Ó gba fóònù, ó wò ó títí iná ojú fóònù fi kú, ó dá a padà, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Láti àná kò fi oúnjẹ kan ẹnu.

Láti ọjọ́ ìsìnkú ni ìyá náà kò ti dárúkọ ọmọ rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kò mọ ohun tí wọn ó máa pè é mọ́. Ẹnu wọn kò lè pe ‘Ìyá Ṣíji’, wọ́n wá yí i sí ‘Ìyá Ẹ̀bùn’. Kì í dáhùn. Bí ó bá wá jẹ́ pé òun, Ẹ̀bùnọlá, ló fi bíró gún ojú ọgbẹ́ náà, bí ìyá òun náà bá tẹ̀lé ọmọ lọ ńkọ́?

Ṣíji kò mọ ọjọ́ tí kò sí àìsàn lára òun. Fòníkú-fọ̀ladìde ni, nínú ẹ̀jẹ̀ ló bá a wá sáyé. Bí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, a máa ké bí ìkókó. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni òun àti àbúrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ṣíji a sọ, Ẹ̀bùnọlá a yà, wọn a gbé e sórí Wasáàpù. Wọ́n sọ Ikú di àlejò arúgbó kan tí ń wá ṣáá, tí wọ́n sì ń dá padà. Nínú àwòrán kan, nọ́ọ̀sì sọ fún Ikú pé kò tíì tó àkókò àbẹ̀wò, kó lọ jókòó níta. Nínú òmíràn, irin tí wọ́n fi ń kọ́ omi fún aláìsàn kò sí, wọ́n ní kí Ikú bá àwọn gbé ike omi náà dání. Ọwọ́ ro ó títí ó fi gbàgbé iṣẹ́ tó bá wá. Àwọn tí irú àìsàn náà ń bá fínra ń kọ̀wé láti ọ̀nà jíjìn pé àwọn rẹ́rìn-ín títí ìrora fi tijú. Àwọn mìíràn kọ̀wé pé iná ọ̀run ń dúró de ẹni tó yà á. Ṣíji a ní kí Ẹ̀bùn kí àwọn náà, kó ní òun Ṣíji yóò bá wọn wo bí iná náà ti gbóná tó. Ohun tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń rín sí i.

Ṣùgbọ́n Ṣíji ló ń sọ ọ́ nígbà náà, ara tirẹ̀ ló fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Báyìí, ara rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ti ta ni? Ẹ̀bùnọlá kò mọ̀.

Ó bẹ Motún kó yọ̀ǹda òun. Ó sọ fún Bàbá Barnabas pé òun kò lè dúró di ọjọ́ Ìsinmi. “Bí Màámi bá ní kí n yọ ọ́, mà á yọ ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí ó ti ẹnu wọn jáde.”

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ọ̀kadà kan náà ló gbé wọn, ọlọ́kadà níwájú, bàbá láàárín, Ẹ̀bùnọlá lẹ́yìn.

Ọ̀nà náà dà bí ohun tí ènìyàn ń lá. Eruku ọyẹ́ ti bo oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ń kán sílẹ̀ láàárín ewé kòkó bí epo tí ń jò nínú kèrègbè. Ẹrọ̀fọ̀ ti gbẹ, ipa táyà ìgbà òjò sì ti le sínú ilẹ̀. Ẹ̀bùnọlá di ojú. Ó ṣe é bí ẹni pé ẹ̀yìn tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, pé ó gbóná, pé òun di í mú kó má ṣubú. Ó gbọ́ tí ẹnìkan rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́. Nígbà tó lajú, ẹyẹ ló fò kúrò lórí ọ̀pẹ.

Nílé, Bàbá Barnabas dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó pè é: “Ìyá Ẹ̀bùn.” Ó tún un pè. Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní òun ló dé. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ìyá náà ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Bàbá Barnabas bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó ní ọmọ ti wá tọrọ àforíjì, yóò yọ ohun ẹ̀gàn náà, kí ó jọ̀wọ́ jẹun. Ìyá náà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù Ẹ̀bùnọlá, ó tún wo àwòrán náà.

“Irọ́ lo yà,” ó ní.

Ẹ̀bùnọlá sún mọ́ ọn, òun náà wo àwòrán náà.

“Ìgbà wo ni Ṣíji ti nǹkan rí? Ọmọ tí kò lè gbé korobá omi. Òun ni yóò jókòó, Ikú ni yóò máa tì.” Ó gbójú sókè. “Ta ló ti ọ̀kadà náà gan-an?”

Orúkọ náà ti jáde. Ó dúró láàárín wọn bí ẹni tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

“Èmi ni, Màámi,” Ẹ̀bùnọlá ní. “Èmi àti ọlọ́kadà.”

Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń gbé Ṣíji lọ sí ọsibítù fún ìgbà ìkẹyìn nínú òjò, bí táyà ṣe rì, bí òun ṣe ń tì tí omijé òun ń dà, tí Ṣíji sì yí orí padà lórí ìjókòó tó ní, “Ẹ̀bùn, ó wúwo, àbí? Ikú ló wà lẹ́yìn mi. Ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó bá ọ tì í.” Ó ní òun rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó ní òun kò lè ya ara òun sídìí ọ̀kadà náà, ìdí nìyẹn tí òun fi ya Ṣíji síbẹ̀.

Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn kan ti inú rẹ̀ jáde. Kì í ṣe ẹkún, a kò sì lè pè é ní ẹ̀rín. “Ní kó sọ̀ kalẹ̀,” ó ní. “Ọmọ yìí.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Yọ ọ́. Kí o sì tún un yà, bó ṣe rí gan-an.”

Bàbá Barnabas tí inú rẹ̀ ti fẹ́ dùn sí ‘yọ ọ́’ la ẹnu láti kọ̀ nígbà tó gbọ́ ‘tún un yà’. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti yíjú sí i nísinsìnyí.

“Ẹ wá pẹ̀tù sí mi nínú lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá, n kò mọ ibi tí tèmi wà. Ọmọ tí ìyá kò mọ ibi tó wà, ṣé kì í ṣe pé ó nù ni?”

“Èèwọ̀ ni,” bàbá náà dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. A kò fẹ́ kí ojú rẹ tún rí irú rẹ̀.”

“Ẹ ní kí n má dé ibẹ̀, n kò dé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n má wo ìwé.” Ó jókòó sórí àga ìdáná, ó fi ọwọ́ pe ọmọ rẹ̀. “Ẹ̀bùn, ìwọ débẹ̀. Yà á fún mi.”

Ẹ̀bùnọlá wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ètè bàbá náà ń mì, bóyá àdúrà ló ń gbà. Kò ní kó yà á, kò sì ní kó má yà á. Ẹ̀bùnọlá mú bíró àti ìwé jáde nínú báàgì. Ó ya ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, ó ya ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ inú oko kòkó, ó ya odò kékeré tí wọ́n fi pákó dá afárá lé. Ó ya ọ̀pẹ, ó sì fẹ́ fi òkìtì ilẹ̀ sí ìdí rẹ̀.

“Ìdí obì ni, Ìyá Ṣíji,” Bàbá Barnabas ní lórí ìdúró. Ó ti ṣí fìlà. “Ọ̀pẹ wà lókè. Èmi ni mo tọ́ka ibẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ibòji wà níbẹ̀.”

Ìyá náà mi orí pé òun gbọ́. Ẹ̀bùnọlá ya igi obì, ó ya ibòji rẹ̀, ó ya òkìtì náà sábẹ́ ibòji. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Nígbà tó tún gbéra, ìlà gbọọrọ kan ló fẹ́ fà, bí a ti í ya ẹni tí a tẹ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Fi í jókòó,” ó ní. “Ó ti dùbúlẹ̀ tó.”