Àpótí Tó Ní Ìwé Àṣẹ

Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èèyàn mẹ́sàn-án ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ẹ́síreè wa, níbi tí a ti ń ya àwòrán inú ara, kọ̀ǹpútà kò sì fẹ́ fi àwòrán ẹnì kankan hàn. Ìlà kan ṣoṣo ló kọ sójú: ìwé àṣẹ yìí kò bá irú ẹ̀rọ yìí mu. Dókítà, obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo Ẹnjiníà tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa. Ẹnjiníà wo ilẹ̀.

Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, mo ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Bàbá Tútù ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, torí èmi ni mò ń tọ́jú yàrá tí sáfà wà, ẹ̀rọ ńlá tó ń pa gbogbo àwòrán mọ́, tí mo sì ń rí i pé ibẹ̀ ò móoru. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Dókítà pè mí, ó ní bí wọ́n bá ti kó nǹkan kúrò nínú sáfà àtijọ́ sínú ẹ̀rọ tuntun tí kò nílò òtútù, yàrá tútù ò ní wúlò mọ́, iṣẹ́ mi á sì parí ní ìparí oṣù. Kò fi ìkà sọ ọ́. Èmi ni mo gbọ́ ọ ní ìkà.

Àbúrò ìyàwó mi ni Ẹnjiníà yìí. Ọdún mẹ́ta rèé tí mi ò ti bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní nǹkan láti sọ fún un, akọ̀wé ni mo máa ń sọ ọ́ fún, akọ̀wé á sì yí orí sọ́dọ̀ rẹ̀ pé wọ́n ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Nílé, ìyàwó mi ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó ti sú u. Ó ní bí òun bá kú, ta ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ kiri láàárín àwa méjèèjì. Mo ní kó má kú nígbà náà.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ò fara sin. Ọkùnrin tó wá gbé sọ́fúwíà, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣí àwòrán, kalẹ̀ fún wa ni mo bi ní ìbéèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní sáfà tó dá dúró dà bí ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé: òun ló ni ògiri, òun ló ni ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà ara irin rẹ̀ ni ìwé àṣẹ máa ń so mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún lè pín ẹ̀rọ kan sí yàrá-yàrá, kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa ṣe bí ẹni pé odidi sáfà lòun. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ò ní irin tirẹ̀. Èèyàn lè gbé e láti inú ẹ̀rọ kan sínú òmíràn, ó sì lè sọ ọ́ di mẹ́wàá kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ni sọ́fúwíà fi ń fura sí i, tí wọ́n ń kọ ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ fún un, tí wọ́n sì ń ka iye ọpọlọ ẹ̀rọ tí wọ́n bù fún yàrá náà. Ìwé àṣẹ odidi ilé kì í ṣílẹ̀kùn yàrá.

Nígbà tí Ẹnjiníà kọ́kọ́ dá a lábàá ní ìpàdé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé kí á kó lọ sínú ẹ̀rọ tí a pín, mo nawọ́ sókè, mo sọ ohun tí mo gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó jẹ́ pé èmi ni mo ra bàtà tó kọ́kọ́ wọ̀ lọ sílé ìwé gíga, ó ní ẹni tí kò jáde ìwé mẹ́fà fẹ́ wá kọ́ òun ní láísẹ́ǹsì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dókítà sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò sún kúrò létí mi.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá yìí ni Ẹnjiníà wá kó gbogbo nǹkan sínú yàrá kan nínú ẹ̀rọ tuntun. Ó rán akọ̀wé sí mi pé kí n gbé àpótí sáfà àtijọ́ lọ jù síbi tí wọ́n ń kó irin jọ. Torí pé òun ló sọ ọ́, mi ò ṣe é. Mo gbé e sórí ọmọlanke, mo tì í dé ilé, mo sì fi í sábẹ́ tábìlì tí ìyàwó mi fi ń ránṣọ. Kì í ṣe ọgbọ́n. Agídí ni.

Ní báyìí, àwọn tó ni sọ́fúwíà ti sọ lórí fóònù pé ìwé àṣẹ tuntun máa gba ọjọ́ márùn-ún. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ wá láti ọsibítù lórí ibùsùn oníkẹ̀kẹ́. Oníṣẹ́ abẹ ń dúró de àwòrán ẹ̀yìn ọkùnrin náà kó tó di ọ̀sán. Obìnrin náà dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Èmi náà ò lè jókòó. Mo wọ yàrá tútù, mo jáde. Mo lọ sílé ìtọ̀, ìtọ̀ ò wá. Bí mo bá lanu, mo ti jẹ́wọ́ pé mo gbé ẹrù ilé iṣẹ́ lọ sílé, wọn ò sì ní dúró de ìparí oṣù kí wọ́n tó lé mi. Bí mo bá dákẹ́, obìnrin yìí ńkọ́? Kí n má purọ́, mo tún fẹ́ kí Ẹnjiníà làágùn díẹ̀ sí i.

Òun ló wá bá mi nínú yàrá tútù. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, àpótí yẹn, ṣé ẹ ti gbé e jù?"

Mo kọjú sí ògiri.

"Ẹ bá mi jà tó bá di ọ̀la. Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn lónìí."

Mo sọ fún ògiri pé kó bá mi pe ìyàwó mi, kó ní kó palẹ̀ aṣọ mọ́ lábẹ́ tábìlì rẹ̀, mo ń bọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé Ẹnjiníà. Nígbà tó yé e, ó yọ fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Mo ti ọmọlanke náà padà láti ilé kíákíá ju bí ọjọ́ orí mi ṣe gbà lọ. Dókítà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àpótí, ó wo èmi.

"Báwo ni ẹrù ilé iṣẹ́ ṣe dé ilé yín?"

Akọ̀wé wà níbẹ̀, ayàwòrán tó ń lo ẹ̀rọ ẹ́síreè wà níbẹ̀, gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí. Mo ní èmi ni mo gbé e. Bí Ẹnjiníà bá panu mọ́, tèmi ti tán.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e jù, mà," ó sọ. "Ká ní wọ́n gbọ́ tèmi ni, ì bá ti di irin àlòkù. Wọ́n sì ti sọ ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì yìí fún mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí a gbé e wọlé.

A so ó pọ̀, mo tan amúlétutù, sọ́fúwíà náà sì mọ irin tí wọ́n so ó mọ́. Kó tó di aago méjìlá, wọ́n ti ya ẹ̀yìn ọkùnrin náà, wọ́n sì ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ. Dókítà wá bá mi. Ó ní ìwé àṣẹ àpótí náà ṣì ku oṣù mẹ́rìnlá, kí n máa tọ́jú rẹ̀ lọ títí dìgbà náà. Ó ní bí mo bá tún gbé ohunkóhun lọ sílé, kódà kó jẹ́ ìgbálẹ̀, ọlọ́pàá lòun máa pè. Mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n mo ń ka oṣù náà lọ́kàn, mo sì ń rìn yí àpótí ká. Oṣù mẹ́rìnlá kì í ṣe ayé. Bí ó bá pé, yàrá-yàrá náà ni wọ́n máa ra ìwé àṣẹ fún, èmi ò sì mọ ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀.

Ẹnjiníà ń di báàgì rẹ̀ láti máa lọ sílé nígbà tí mo pè é. Orúkọ rẹ̀ rí bákan lẹ́nu mi.

"Jókòó. Fi bí wọ́n ṣe ń pín ẹ̀rọ hàn mí, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó sì fa àga méjì.