Ọrun Tí Wọ́n Ní Kí N Má Fà

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọrun bàbá wa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lówùúrọ̀ yìí. Ó ní kí n fi òróró pa á kó dán, kí n yọ awọ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n má sì fà á. Wọ́n fẹ́ gbé e sínú àpótí gíláàsì ní gbọ̀ngàn àwọn tàfàtàfà. Orúkọ bàbá wa á wà lábẹ́ rẹ̀, tòun náà á tẹ̀ lé e. Tèmi kò sí níbẹ̀.

"Má fà á o, àbúrò mi. O gbọ́? Má fà á."

Ó tún un sọ, bí ẹni ń lé ọmọdé kúrò nídìí iná. Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ. Èmi tí mo ń fi ọwọ́ ara mi na awọ mọ́ ìdí àga títí tí á fi le bí ìlù — má fà á.

Ó dáa. N kò tíì fà á. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi, láàárín àga tí kò ní ìdí àti agolo gọ́ọ̀mù. Ó gùn ju tábìlì lọ, orí rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ẹsẹ̀ ẹni tí bẹ́ẹ̀dì kéré fún. Wẹ́dà òdìkejì òpópónà ń jó irin, iná ń ta pàràpàrà lára gíláàsì fèrèsé mi. Ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kàn jókòó ni, mo ń wo igi.

Igi. Ohun tí wọ́n sọ ọ́ dà nìyẹn.

Láti ìgbà tí bàbá ti kú ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n, tòun ti ọsán lára rẹ̀. Okùn ń fa orí rẹ̀ méjèèjì tọ̀sán-tòru, lọ́dọọdún. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ tú ọsán rẹ̀, a kì í dè é sílẹ̀ báyẹn. Ó ní, "Tí mo bá tú u, ṣebí á nà tọ́ ni. Àlejò á rò pé ọ̀pá ìsáṣọ ni mo gbé kọ́." Nítorí àlejò. Kí àlejò lè rí i pé ọrun ni, ó sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe ọrun mọ́. Ọrun tí a kò tú ọsán rẹ̀ dà bí ẹni tí a ní kó dọ̀bálẹ̀ tí a kò sì dá a lóhùn pé kó dìde. Bó bá pẹ́, ẹ̀yìn á gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kọ ẹ̀yìn sí mi lówùúrọ̀ yìí ni mo tú okùn náà, igi náà kò nà tán. Ó ṣì tẹ̀. Ó ṣì ń kí àwọn àlejò pálọ̀ yẹn.

Àti ọkùnrin tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi wá. Oníbọ̀wọ́. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì bèèrè. Ó yọ ìbọ̀wọ́ funfun lápò, ó wọ̀ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí, kó tó fọwọ́ kan ọrun. Ó ń kó ohun àtijọ́ jọ. Ó ní ọrun kún ilé òun débi pé ìyàwó òun ń kùn.

"Ṣé ẹ máa ń tafà, sà?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o, mà. Mo kàn ń tọ́jú wọn ni."

Ilé tó kún fún ọrun, ọfà kan kò sí níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó kó ìkòkò jọ tí kì í jẹun. Òun ló sì ń kọ́ mi pé, "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á, mà. Ẹni tó ṣe é ti kú, kò sí ẹni tó mọ ọnà rẹ̀ mọ́. Fífà kan péré, ó lè ṣẹ́."

Ó lè ṣẹ́ lóòótọ́. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, pé òmùgọ̀ sọ òótọ́. Nígbà tí wọ́n lọ, mo fi orúnkún mi tì í díẹ̀, díẹ̀ báyìí, mo sì gbọ́ ọ... kín. Ó lè jẹ́ igi. Ó lè jẹ́ èjìká mi. Àwa méjèèjì la ti dàgbà. Mo gbé e sílẹ̀ kíá.

Bí mo bá fà á tó ṣẹ́, èmi ni mo pa á. Wọn á máa fi mí pa ìtàn: obìnrin tó ṣẹ́ ọrun bàbá rẹ̀. Bí n kò bá fà á — ta ló fẹ́ fà á? Ó di inú gíláàsì títí láé, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa fi imú tẹ gíláàsì. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ti èyí, ọsán kò já o. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n fẹnu kò pé kó di ọ̀pá.

Kí n tilẹ̀ yọ awọ yìí ná. Iṣẹ́ niṣẹ́. Mo rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, mo fún un, mo gbé e lé awọ náà kí gọ́ọ̀mù ibẹ̀ lè rọ̀. Awọ kékeré, kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, ní apá òsì, lókè ibi ìmúdání. Ọfà ti jẹ igi níbẹ̀ kó tó di pé awọ bò ó, ó sì ti jẹ awọ náà.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ́ fún Oníbọ̀wọ́ lówùúrọ̀. "Ibi tí ọfà mi máa ń gbà kọjá nìyí."

"Háà, sà. Ẹ ti lò ó gan-an."

"Ìgbà èwe ni."

Ìgbà èwe ta ni? Mo dúró síbẹ̀, mo mú agolo fáníìṣì dání. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ojú kò tì í rárá — kò tilẹ̀ mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Òpùrọ́ tó mọ irọ́ rẹ̀ sàn. Ìyẹn mọ̀ pé iṣẹ́ lòun ń ṣe.

Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá wa. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń di ọrun mú, òsì ló fi ń fà á, apá ọ̀tún igi sì ni ọfà rẹ̀ ń gbà lọ. Bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, bó sì ṣe kọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nìyẹn, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀gbọ́n mi kì í fi òsì ṣe ohunkóhun, kò lè fi í ki abẹ́rẹ́ bọ àpò. Ó ń ta á, ó ń ta á. Bí erin bá sùn síwájú rẹ̀, erin á jí ní àlàáfíà. Ó dá ihò sí àgbá omi ìyá onílé kejì, ìyá yẹn ní, "Ṣé èmi lẹ ń bá jagun ni, àbí òùngbẹ ń gbẹ ọfà yín?" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò fọwọ́ kàn án mọ́. Èyí tó sì ta nígbà náà pàápàá, ọ̀tún ló gbà kọjá. Ọ̀tún.

Èmi, wọn kò pè mí. "Lọ bá ìyá rẹ nínú ilé." Mo lọ. Fèrèsé ilé ìdáná dojú kọ ibi tí bàbá ń dúró sí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń fọ abọ́ kan náà láfọ̀túnfọ̀, mo ń wò ó bí ẹni ń wo dígí. Òun fi òsì fà, èmi fi ọ̀tún fà. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè, mo gbé e. Ó dá èémí dúró, mo dá a dúró. Tó bá ti lọ síbi iṣẹ́, màá mú ọrun lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá mú ọsán lórí ìṣó kékeré tí bàbá ń so ó kọ́ sí, tí ọwọ́ mi tó, mo di ẹ̀yìnkùlé. Àpò tí mo fi àkísà kún ni mo ń ta. Ẹnì kankan kò kọ́ mi. Ẹnì kankan kò sọ fún mi pé mo mọ̀ ọ́n. Àpò yẹn nìkan ló mọ̀.

Apá òsì. Èmi ni mo jẹ igi yẹn. Èmi nìkan.

Wọn á sì kọ ọ́ sábẹ́ gíláàsì pé — ẹ jọ̀ọ́.

Gọ́ọ̀mù ti rọ̀. Mo ki ẹnu ọ̀bẹ sábẹ́ igun kan. Ó ń gbéra.

"Ẹ bá wa yọ ọ́, mà," Oníbọ̀wọ́ ló wí bẹ́ẹ̀ lówùúrọ̀, "kì í ṣe ara rẹ̀. Ẹni tó ṣe ọrun yìí kì í lẹ awọ. Ẹnìkan ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn ìgbà náà. Ó bà á jẹ́."

Ẹnìkan. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ni mo dé ìdí ọrun tí mo bá awọ níbẹ̀. Mo rò pé bàbá lẹ̀ ẹ́ fún ara rẹ̀ ni. Ọmọdé ni mí, kí ló kàn mí nínú... N kò tún ronú kàn án mọ́, títí dòní. Awọ náà nípọn. Kì í ṣe awọ bàtà, mo mọ awọ bàtà. Ìdọ̀tí ń kúrò lójú rẹ̀. Ihò kan wà létí rẹ̀, ìlàjì ihò, wọ́n gé e já láàárín —

Ihò ìgbànú.

Ìyá wa máa ń rẹ́rìn-ín lórí oúnjẹ. "Ẹ wo bàbá yín. Kò sanra o, ìgbànú rẹ̀ ló ń kúrú." Etí ìgbànú náà kì í dé inú ìkọ́ ṣòkòtò tó yẹ kó wọ̀ mọ́, ó máa ń ta jáde bí ahọ́n ajá. Bàbá á kàn máa jẹun lọ.

Fún ta ni? Ọfà òun kì í gba òsì. Ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kì í gba òsì. Fún ta ni ó fi gé ìgbànú ara rẹ̀?

Àti ìṣó yẹn. Bàbá ga. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè mú ọsán lórí ìṣó yẹn, á di ìbàdí mú. Ta ló ń kan ìṣó síbi tí òun fúnra rẹ̀ á ti máa bẹ̀rẹ̀?

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ igun awọ náà padà. Ó ń gbéra, mo ń tẹ̀ ẹ́. Wẹ́dà ti dákẹ́.

Ẹ mọ̀.

Ẹ mọ̀, Bàbá. Ẹ rí ojú ọgbẹ́ níbi tí ọfà yín kì í gbà, ẹ mọ ọwọ́ tó dá a, ẹ sì fi awọ ara yín bò ó. Ẹ kò na mí. Ẹ kò sì pè mí. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín lọ́jọ́ tí ẹ ń pín nǹkan, ọwọ́ yín wà nínú ọwọ́ mi, ẹ ní, "Ọrun, ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni." Ẹ mọ̀, ẹ sì wí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ yín láti àárọ̀ nítorí pé kò mọ nǹkan kan. Òun kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀.

Ọwọ́ yín sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín dákẹ́. Kí ni kí n fi ọ̀rọ̀ abẹ́ ìdọ̀tí ṣe ní irú ọjọ́ orí yìí? Ṣé ẹ ń tọ́jú mi ni, àbí ẹ ń fi mí pa mọ́?

Ọrun rèé, ó wà lọ́wọ́ mi. Ọsán rèé. Ọmọ yín ń bọ̀ wá gbé e. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu, kì í ṣe ìgbànú, kì í ṣe ìṣó. Kí n fà á, àbí kí n má fà á? Ẹ dá mi lóhùn.