Aṣọ Àrán Orí Sípíkà Àárín

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí káfíńtà kan ṣe fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tó, ẹ wo àga tó wà ní pálọ̀ wọn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kàn án, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kàn án ní híhá, kí ẹni méjì má baà lè jókòó síbẹ̀ láìfara kanra. Láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fẹ́ra, orí àga yẹn ni wọ́n ti ń wo eré ìfẹ́, tí ohùn rẹ̀ ń ti inú họ́ọ̀mù tíátà wọn jáde: sípíkà kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀kan láàárín, àti wúfà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́rin báyìí tí káfíńtà ti ń dá jókòó. Ọdọọdún ni ohùn àwọn òṣèré ń lọ sílẹ̀, títí ó fi dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú àpò ìrẹsì. Orin ń dún, ilẹ̀kùn ń gbá, àmọ́ bí ọ̀dọ́kùnrin bá ti fẹ́ sọ tinú rẹ̀ fún ọmọge, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lásán ni. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, fara dà á títí, ló bá di èrò ilé nọ́ọ̀sì tó múlé tì wọ́n, tí ẹ̀rọ tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ketekete.

“Olówó orí mi, ẹ má bínú,” ni yóò wí, tí yóò sì gbé ìborùn lé èjìká. “Ẹni tó ń wo eré ìfẹ́ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹja inú omi ló ń wò.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ káfíńtà lọ́kàn bí ìṣó. Eré kan wà tí àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀, ó ku ìpín kan ṣoṣo kó parí, ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé ìyàwó òun kò ní wo òpin rẹ̀ nílé onílé.

Láti ìgbà tó ti ń dá jókòó ló ti ń tún ẹ̀rọ náà ṣe. Àpò rẹ̀ kò gbé tuntun lódindi, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lóṣù kìíní, ó pààrọ̀ gbogbo wáyà. Lóṣù kejì, ó ra wúfà àlòkù kan tó tóbi bí àpótí aṣọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn án, ife mẹ́ta rìn kúrò lórí tábìlì, ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé lókè sì sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè bóyá wọ́n ti ń wó ilé ni. Lóṣù kẹta, ó pààrọ̀ sípíkà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Orin dùn débi pé èèyàn lè sunkún. Ọ̀rọ̀ kò yéni síbẹ̀.

“Mo ti wí fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀,” ni Mọwáyà wí, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ìkóríta. “Sípíkà àárín ni ọ̀rọ̀ ń gbà jáde. Òun ló yẹ kó o kọ́kọ́ pààrọ̀.”

“Ìyẹn ò ṣeé pààrọ̀.”

“Kí ló dé? Ṣé ẹ jọ ṣègbéyàwó ni?”

Ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, ìyàwó rẹ̀ fi àjákù aṣọ àrán tó fi ṣe ìyàwó rán ẹ̀wù fún sípíkà náà. Láti ìgbà náà, bí àyájọ́ ìgbéyàwó wọn bá ti pé, á fi ìpele kan kún un: lọ́dún yìí léèsì, lọ́dún tó ń bọ̀ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́. Ó sì fi òwú wúrà ya àwòrán ọkàn méjì síwájú rẹ̀. Ìwọ̀n sípíkà yẹn gan-an ló fi rán an. Bí wọ́n bá gbé òmíràn síbẹ̀, kí ni ẹ̀wù yẹn fẹ́ wọ̀? Ṣe ni káfíńtà máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Kò bọ́ ọ rí.

Ní Sátidé, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Mọwáyà kò gba ẹjọ́ mọ́, ó gbé sípíkà àárín àlòkù kan há abíyá wá sílé. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Télọ̀ wà nínú yàrá, ó ń wé gèlè ilé nọ́ọ̀sì.

“Kí nìyí?” Mọwáyà béèrè.

“Sípíkà àárín ni.”

“Mo mọ̀. Ṣé òtútù ń mú un ni?”

“Rọra sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́.”

“Sípíkà náà?”

“Ìyàwó mi.”

Káfíńtà dúró síwájú ẹ̀rọ bí ìyá adìyẹ, ṣùgbọ́n Mọwáyà ti na ọwọ́ gba abẹ́ apá rẹ̀, ó sì fa ẹ̀wù náà yọ bí ẹni ń bọ́ súwẹ́tà lọ́rùn ọmọ. Àtúnwò ìpín tó kọjá ló ń lọ lọ́wọ́. Ohùn obìnrin kan sì jáde, ó dún gbinrin: “Ibo lò ń lọ?”

“Ilé nọ́ọ̀sì ni,” télọ̀ dáhùn látinú yàrá.

Lẹ́yìn náà ló rántí pé kò sí obìnrin míì nínú ilé. Ó jáde. Káfíńtà ti fi ẹ̀wù náà pamọ́ sẹ́yìn.

“Wáyà ló já,” ó wí. Mọwáyà gbójú sókè, ó ń wo àjà.

“Aṣọ àrán mi ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí yín.”

Ìyàwó rẹ̀ gbà á, ó fi àtàńpàkò ka etí rẹ̀ bí télọ̀ ṣe ń ka aṣọ. Ìpele mọ́kànlá lórí àrán àkọ́kọ́. Ó sàn fún káfíńtà kí òòlù bà á níka.

“Ẹ ra wáyà, ẹ ra wúfà, ẹ ra sípíkà méjì,” ó wí. “Ẹ ò kàn lè bọ́ aṣọ?”

“Ìwọ lo rán an.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká télọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìkùn, títí ó fi wó jókòó sórí àga híhá náà. Ó fi ọwọ́ lu àyè kékeré tó kù, ọkọ rẹ̀ sì fún ara rẹ̀ sí i.

“Ìyàwó káfíńtà, ó ti bẹ̀rẹ̀ o,” nọ́ọ̀sì pè lójú fèrèsé.

“Ilé ọkọ mi ni mo wà.”

Mọwáyà wá ibi tí yóò jókòó, kò rí, ó gbé sípíkà rẹ̀ lọ. Nígbà tí wúfà tún bẹ̀rẹ̀ sí í mi ife, télọ̀ nawọ́, ó fi ẹ̀wù àrán náà dí i lẹ́nu. Ife dúró jẹ́ẹ́.

Nínú tẹlifísàn, ọ̀dọ́kùnrin náà sọ tinú rẹ̀ tán pátápátá, gbogbo rẹ̀ yéni yékéyéké. Télọ̀ kò fetí sí i. Ó ń fi ìka wọn wúfà láti ọ̀ọ́kán.

“Ti eléyìí fẹ̀ o,” ó sọ fún ara rẹ̀. “Á gba aṣọ.”

Káfíńtà gbọ́ ọ ketekete.