Ojú Ìwé Tí Akínfẹ́mi Ò Rí

Fìyìnfólúwa ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé dáadáa nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Akínfẹ́mi, ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ìwé àwọn ará Japan ni, èyí tí wọ́n ń pè ní máńgà, tó jẹ́ pé àwòrán ló ń sọ ìtàn, tí ọ̀rọ̀ kàn ń ràn án lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni màmá wọn, Adéníkẹ́, ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ sì ti ń bá a. Bàbá wọn ti kú ní Ìbàdàn kí wọ́n tó kó wá sí Lithonia ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, Akínfẹ́mi ló ń se indomie, òun ló ń wo homework, òun náà ló ń kàwé fún àbúrò rẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ.

Ìtàn kan wà tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Natsuko ni, tó ń ru ẹrù àwọn èèyàn gba orí òkè oníyìnyín kọjá lásìkò ogun. Màmá wọn kì í rántí orúkọ ìwé náà. "Ẹ gbé ìwé alárù yín kúrò lórí tábìlì mi," ni yóò máa wí. Bí ìwé náà ṣe di Alárù nínú ilé wọn nìyẹn. Apá tuntun ń jáde lọ́dọọdún, wọ́n sì ń dàgbà tẹ̀ lé e.

Alárù yìí ló sọ Akínfẹ́mi di ayàwòrán. Nígbà tó jáde yunifásítì, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe fíìmù lápá Fayetteville gbà á síṣẹ́. Òun ló máa ń fi àwòrán to bí eré yóò ṣe lọ kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà rárá. Inú Màmá dùn débi pé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń sọ fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀ pé pẹ́ńsù ni ọmọ òun fi ń jẹun.

Àfi bí ojú ṣe dà á.

Kò dùn ún, kò pọ́n, kò ṣepin. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, ó fi ọkọ̀ ha òpó géètì, ó ní àìsùn ni. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní nítorí kó má baà burú sí i ni, pé èyí tó ti lọ ò lè padà. Síbẹ̀, ó burú sí i. Akínfẹ́mi kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún Fìyìn, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sínú yàrá tó gbé nígbà ọmọdé. Bí oòrùn bá ràn dáadáa, ó ṣì máa ń rí nǹkan díẹ̀ láàárín gbùngbùn, bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò abẹ́rẹ́.

Ọdún yẹn gan-an ni ìtàn Natsuko parí. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìròyìn dé pé wọ́n ń gbé àfihàn rẹ̀ bọ̀ ní Atlanta: ojúlówó bébà tí ọwọ́ ayàwòrán fúnra rẹ̀ kàn, àti ojú ìwé kan ní yàrá tó kẹ́yìn, tí kò sí nínú ìwé kankan, tí wọ́n ní àwọn ò ní tẹ̀ láéláé.

"Kí lo fẹ́ mú un lọ wò níbẹ̀?" Màmá bi Fìyìn ní kíṣìnnì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ tọ́ ọgbẹ́ ni?"

Akínfẹ́mi ti gbọ́ ọ láti pálọ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ, Mummy. Díẹ̀ ló kù tí mo ń rí. Alárù ni mo fẹ́ fi wò."

Màmá ṣí omi, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n lọ. Oòrùn mú lójú ọ̀nà I-20, inú Akínfẹ́mi sì dùn. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó ń sọ irú gègé tí ayàwòrán náà máa ń lò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gba ẹnu ọ̀nà àfihàn wọlé, ó dúró gbọnin.

"Fìyìn, kí ló dé tí wọ́n paná?"

"Wọn ò paná, Bọ̀dá. Bó ṣe wà nìyẹn."

Fìyìn lọ bá obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀, Tasneem, wà lára káàdì àyà rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tan iná sí i díẹ̀. Tasneem rí bí Akínfẹ́mi ṣe na ọwọ́ síwájú, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ó wù mí kí n ṣe é," ó ní. "Ìmọ́lẹ̀ ló máa ń ba bébà yìí jẹ́, tàdáwà rẹ̀ á ṣí. A ní ẹ̀rọ kan tó ń mú àwòrán tóbi, tó sì mọ́lẹ̀ rekete. Ṣé kí n mú un wá?"

"Ẹ ṣé," Akínfẹ́mi dáhùn. "Mo ní irú ẹ̀ nílé."

Ó gbé ọwọ́ lé èjìká àbúrò rẹ̀. "Níbo la wà báyìí?"

"Níbi afárá olókùn."

"Ẹn-ẹ́n. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló wà níwájú. Ẹyẹ kan wà lókè lápá òsì."

"Ó wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ láti ara ògiri kan dé òmíràn. Fìyìn á dárúkọ ibẹ̀, Akínfẹ́mi á sì sọ ohun tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan, kì í ṣì í. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Natsuko ti fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, Fìyìn tẹ̀ síwájú.

"Bọ̀dá, pẹ́ńsù wà lábẹ́ tàdáwà níbí. Ayàwòrán yẹn ti kọ́kọ́ ya ọwọ́ Natsuko kó nà án sí ìyá rẹ̀. Ó wá fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́."

Ẹ̀rín tán lójú Akínfẹ́mi. "Ó nà án?"

"Ó nà án. Ó wá yí i padà."

Ó sún mọ́ gíláàsì títí èémí rẹ̀ fi bò ó. Ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wá ihò kékeré tó ṣẹ́ kù fún un. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn yẹra, wọ́n ń wò wọ́n. Ó pẹ́ kó tó yọ ojú kúrò.

"Mi ò rí nǹkan kan, Fìyìn. Dúdú ni."

Fìyìn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó mú un rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Akínfẹ́mi ti fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Gbogbo èyí tá a ti kọjá wà nínú orí mi. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, mi ò rí i rí."

"Màá sọ ọ́ fún yín. Màá rọra sọ ọ́, igun kọ̀ọ̀kan."

"Rárá."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Tó o bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ni màá máa rí, kì í ṣe ohun tí wọ́n yà. Jẹ́ kí tèmi dúró síbi tí ojú mi bá a dé. Lọ. Wò ó dáadáa. Má sọ fún mi."

Ó fi ọwọ́ tẹ̀ lé ògiri títí ó fi kan bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó.

Fìyìn wọlé lóun nìkan. Bébà náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Natsuko ti sọ ẹrù kalẹ̀ ní etí òkun. Òkè ti tán. Ó bojú wẹ̀yìn, ó la ẹnu, bí ẹni tó ń pe ẹnì kan pé kó wá wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó ń wò, ayàwòrán ò ya ohunkóhun. Funfun lásán ni. Fìyìn wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Igbe fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọwọ́ dí i.

Nígbà tó jáde, Akínfẹ́mi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ṣé o wo àwọn igun?"

"Mo wò wọ́n."

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa, Bọ̀dá. Ó dáa gan-an."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹkún já gbà. Ojú tí kò ríran dáadáa mọ́, omi ò tán nínú rẹ̀. Fìyìn jókòó tì í, ó gbá a mọ́ra láàárín àwọn ọmọ tó dé fìlà Natsuko tí wọ́n ń ya fọ́tò.

Màmá ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n délé. "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dára, Mummy," Akínfẹ́mi dáhùn, ó sì wọ yàrá lọ.

Màmá wo ojú Fìyìn. Ó bu oúnjẹ fún un, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn bó ṣe ń gbìyànjú láti jẹ ẹ́.

Kí ọdún tó parí, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú Akínfẹ́mi lọ. Ó kó gbogbo ìwé Alárù sínú páálí, ó ní kí Fìyìn máa gbé wọn lọ sí ilé rẹ̀ ní Jonesboro. Ní báyìí, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn, ó sì ti ń mọ kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ lò. Ó máa ń pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Nígbà mìíràn, láàárín ọ̀rọ̀, á ní, "Fìyìn, ojú ìwé yẹn…" Fìyìn á máa retí kó béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Akínfẹ́mi á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló máa bi í bóyá ó ti jẹun.