Yàrá Tí Ọláfimíhàn Kò Wọ̀

Ẹ wo àwa ará Èkó. Bí a bá fẹ́ ra ẹ̀wà, a ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, a ó fẹ́ ẹ, a ó wá kòkòrò inú rẹ̀ kiri, a ó tún bi ẹni tó ń tà á bóyá ó máa ń tètè jinná. Ṣùgbọ́n ká fẹ́ ra ilé, ọ̀dà ara ògiri la ó máa wò. Bí géètì bá ti ń dán, tí táìlì ilẹ̀ sì ń yọ̀ lẹ́sẹ̀, a ti ń bẹ Ọlọ́run nìyẹn pé kí ẹlòmíràn má gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.

Irú àwa yìí ni Ọláfimíhàn fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ẹnjiníà ilé ni. Bí èèyàn bá fẹ́ ra ilé, òun ni yóò kọ́kọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, láti orí páànù dé ìpìlẹ̀, kó tó wá sọ ohun tó ń ṣe ilé náà fún ẹni tó fẹ́ fowó sílẹ̀. Kì í gba rìbá, kì í sì í bo àléébù ilé mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń báni ta ilé ní Ìsọlọ̀ kì í fẹ́ rí i sójú, nítorí ó ti da ọjà rú mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n bá ń bú u lẹ́yìn, inú rẹ̀ máa ń dùn ni.

Àǹtí Fàósátù ló gbé iṣẹ́ ilé kan ní àdúgbò Ire-Akari wá fún un. Òkìrìkà aṣọ ọmọdé ni Àǹtí Fàósátù ń tà ní Òṣòdì, lẹ́bàá ojú irin. Nígbà tí Ọláfimíhàn wà ní kékeré, inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Ìsọlọ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ òru ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Fàósátù ló máa ń sùn. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń bu oúnjẹ fún un, kò sì fi ìyàtọ̀ sáàárín rẹ̀ àti Alameen, ọmọ bíbí inú rẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí, yàrá kan ṣoṣo ni obìnrin náà ń gbé. Ó ti wá rí ilé kan báyìí tí agbára rẹ̀ ká, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó yóò jọ máa gbé. Ikọ́ fée ń da ìyá náà láàmú, èémí rẹ̀ kì í já gaara.

"Ẹnjiníà mi," Àǹtí Fàósátù wí lórí fóònù, "mi ò mọ nǹkan kan nípa ilé o. Ìwọ ni ojú mi. Tó o bá ti ní ó dáa, mo máa sanwó. Tó o bá ní kò dáa, mo máa gbàgbé ẹ̀."

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí. Kò sí ibi tí mi ò ní fojú kàn níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì dá a lójú bó ṣe ń sọ ọ́.

Àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Àlàájì Nùrẹ́nì ló ni ilé náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ilé ọ̀hún nígbà tí ara ṣì le. Ẹnu géètì ló ti ń dúró de ẹnjiníà lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Bí Ọláfimíhàn ṣe rí irùngbọ̀n funfun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú bàbá dùn.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, sà."

"Ìsẹ́yìn kẹ̀? Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ìyàwó mi. Ilé ìyá rẹ lo wá yìí o."

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọkùnrin tó wọlé bí ẹnjiníà ti di ọmọ kó tó kúrò lẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ilé kì í ṣe iṣẹ́ tí ọmọ máa ń ṣe nílé ìyá rẹ̀.

Síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ó gun òkè páànù, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú àjà, ó fi òòlù kékeré rẹ̀ kan ògiri pálọ̀ àti ti ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdí àwọn pílọ̀, òpó tó gbé ilé ró, níwájú. Ilé náà dúró dáadáa. Àlàájì ń tẹ̀ lé e káàkiri, ó ń fi ohun tó ṣe nígbà ìkọ́lé hàn án, ó ń pè é ní ọmọ mi. Wọ́n wá dé yàrá ẹ̀yìn. Títì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Bàbá dúró níwájú rẹ̀.

"Yàrá ìyá rẹ nìyẹn," ó wí jẹ́jẹ́. "Ara ò fi bẹ́ẹ̀ yá, wọ́n ń sùn."

Ọláfimíhàn dúró tòun ti òòlù lọ́wọ́. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ti sọ ọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn tó lówó ju Àlàájì lọ: ẹ bá mi tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn, sà, mi ò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Báwo ni ọmọ Ìsẹ́yìn ṣe máa jí ìyá tí ara rẹ̀ ò yá, kó wá máa kan òòlù mọ́ ògiri ní ìgbèrí wọn? Wọ́n á ní ta ló bí i.

"Kò burú, sà," ó wí. "Ẹ bá mi kí wọn."

Ó yí gba ìta kọjá. Ó rí i pé ara ògiri yàrá yẹn gan-an ni kòtò ilé ìyàgbẹ́ sún mọ́. Ó rí i pẹ̀lú pé ọ̀dà ibẹ̀ tuntun ju ti ibi yòókù lọ, bí ẹni pé àná ni wọ́n fi kùn ún. Ẹnjiníà tó bá rí èyí, ó yẹ kó padà wọlé. Ọláfimíhàn rí i, ó sì rìn kọjá. Àlàájì fún un ní ìgò mọ́ọ̀tì tó tutù nini, ó mu ún, ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Fàósátù pè é.

"Ṣó o wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó, Àǹtí."

"Gbogbo ẹ̀?"

Ẹ ò rí nǹkan, Ọlọ́run tún ṣílẹ̀kùn fún un níbẹ̀. Ó kàn ní láti sọ pé ó ku yàrá kan ni. Ṣùgbọ́n á bi í pé kí ló dé, kí ni òun á sì sọ? Pé ojú ń ti òun? Ẹnjiníà odidi?

"Gbogbo ẹ̀," ó wí. "Ilé tó dúró dáadáa ni."

Àdúrà ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà fún un. Ó ní kò ní ṣìṣe, ojú rẹ̀ ò ní fọ́, ìyá rẹ̀ tó ti lọ sọ́run ò ní sùn gbàgbé rẹ̀. Ọláfimíhàn ń ṣe àmín. Nígbà tí Àǹtí Fàósátù béèrè owó iṣẹ́, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Obìnrin náà rò pé ìfẹ́ ni. Ẹ̀rí ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí àwọn iléeṣẹ́ Ìsọlọ̀ bá ń kọjá tí ilẹ̀ ń mì, pílọ̀ yàrá ẹ̀yìn ni yóò sọ sí i lọ́kàn. Ó ń tan ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe ibẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀dà tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa fún ara òun, gẹ́gẹ́ bó ṣe pa á fún ẹni tó wẹ̀ fún un ní kékeré, ojú ara rẹ̀ sì ń tì í nínú dígí.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Àǹtí Fàósátù tún pè, ohùn rẹ̀ ń fò fún ayọ̀.

"Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ lọ sanwó o. Mo ti yan yàrá ẹ̀yìn fún Màámi. Ibẹ̀ dákẹ́, kò sì jìnnà sí ilé ìwẹ̀."

Ọláfimíhàn bi í pé: "Ṣé ẹ wọ inú ẹ̀ wò, Àǹtí?"

"Àlàájì ní ìyàwó àwọn ń sùn. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹnjiníà mi ti yẹ gbogbo ilé wò. Mo ní mo mọ̀, òun náà ti sọ fún mi."

Ọláfimíhàn pa fóònù. Irọ́ kan ṣoṣo tó pa ti ń ti ẹnu ẹlòmíràn jáde báyìí, ó sì fẹ́ gbé arúgbó tí kò lè mí dáadáa lọ tẹ́ sínú yàrá tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dìde, ó mú òòlù, ó gba Ire-Akari lọ.

Ó tún dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí bàbá kí i tán.

"Yàrá ìyá ni mo tìtorí ẹ̀ wá, sà. Mi ò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́sí. Mo sì ti sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé mo wò ó."

Ojú Àlàájì yí padà. "Ìwọ lo parọ́ nìyẹn. Èmi kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni."

"Wàá wá torí irọ́ tìẹ kó òòlù wọ yàrá ìyá rẹ? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá ti padà sílé. Kó tó la ẹnu, ohùn kan jáde láti inú yàrá, ohùn obìnrin tó ti há.

"Àlàájì, ẹ jẹ́ kó wọlé."

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, òórùn ọ̀rinrin kọlù ú nímú. Ìyá náà, Àjíbíkẹ́, jókòó sórí ibùsùn, ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù gíga tó wà ní igun. Ọláfimíhàn sún un. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti dúdú láti ilẹ̀ dé igbáàyà. Bó ti fọwọ́ kàn án, simẹ́ńtì ara rẹ̀ ń já bọ́ bí àkàrà tó rẹ sómi. Pílọ̀ igun ti là débi tí ìka lè wọ̀ ọ́, irin inú rẹ̀ sì ti dípẹtà, ó ti wú. Omi ìdọ̀tí láti inú kòtò ìta ti ń mu ìpìlẹ̀ ibẹ̀ tipẹ́. Ọ̀dà ò lè wo ìyẹn sàn. Bí wọ́n ò bá fi nǹkan gbé ẹ̀yìn ilé náà ró, yóò wó.

"Mo ti fẹ́ tún un ṣe," Àlàájì wí lẹ́nu ọ̀nà. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. "Agbára ni ò ká a. Mo ní tá a bá tà á tán, a ó kó kúrò níbẹ̀."

Ọláfimíhàn pe Àǹtí Fàósátù lójú àwọn méjèèjì.

"Àǹtí, ẹ má san owó yẹn. Yàrá ẹ̀yìn ò dáa. Pílọ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́."

"Ìwọ lo sọ fún mi pé gbogbo ẹ̀ lo wò."

"Mo parọ́ fún yín. Mi ò wọ ibẹ̀. Ojú ló tì mí láti bẹ̀ wọ́n."

Ọláfimíhàn ń retí èébú, ì bá tilẹ̀ dùn mọ́ ọn kí obìnrin náà bú òun. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ìyá tó ń gbé inú ẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń sùn?"

Àǹtí Fàósátù gé fóònù. Ọláfimíhàn kò tíì ronú kan ìyá rárá. Láti ọjọ́ tó ti ń jẹ ara rẹ̀ níyà, Àǹtí Fàósátù àti Màámi nìkan ló ń rò. Ó yíjú sí obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dúdú náà, tó ń wúkọ́ sínú ìborùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù.

"Ẹ má bínú, ìyá. Mi ò fẹ́ rí yín fín ni mi ò ṣe wọlé lọ́jọ́ yẹn."

"Mo gbọ́ ohùn rẹ," ìyá wí. "Mo gbọ́ tó o ní ọmọ Ìsẹ́yìn ni ẹ́, inú mi dùn. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún Àlàájì pé ògiri yìí ń pa mí, wọ́n ní ara mi ni ò yá. Mo bá dìde jókòó, mo wé gèlè, mo tẹ́ ibùsùn. Mo ní ẹni tó máa rí i ti dé. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ ọ́ fún ara yín pé mò ń sùn."

Ikọ́ gbà á, ó dúró kó rọlẹ̀.

"Mi ò sùn," ó wí. "Ẹ ò bi mí ni."