Bashiru Lọ Gbọ́ Orin Ọmọ Rẹ̀ l'Ékòó

Láti ìgbà èwe ni Bashiru ti ń lagi ní sọ́míìlì Atíkórí, ariwo ẹ̀rọ sì ti jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn tínrín kò wọlé mọ́ rárá: ẹyẹ, fèrè, ẹkún ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, nígbà tí Abibat, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ránṣẹ́ pé kí àwọn òbí òun wá gbọ́ orin òun ní gbọ̀ngàn orin àpapọ̀ l'Ékòó, ara bàbá fà sẹ́yìn.

Yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ni Abibat ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan gòjé òyìnbó ńlá kan tó ga ju òun alára lọ. Àwọn ará àdúgbò fi í rẹ́rìn-ín. Bashiru ní tirẹ̀ padà sí sọ́míìlì. Ó wá pákó tó fúyẹ́, ó kan àpótí tí ọmọ yóò máa gbé gòjé náà sí. Ṣùgbọ́n kí adití lọ jókòó síbi orin, ìtìjú ni lójú rẹ̀.

Ọmọ́títí, ìyàwó rẹ̀, ní, “Bí ẹ ò bá gbọ́, ẹ ó wò ó.” Ni wọ́n bá lọ.

Gbọ̀ngàn náà kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn olórin wọlé nínú aṣọ dúdú, Abibat sì dúró lẹ́yìn, ó fi ìborùn dúdú borí, ó gbá gòjé rẹ̀ mọ́ra. Olùdarí gbé ọwọ́ sókè. Àwọn tó jókòó níwájú bẹ̀rẹ̀ sí fa gòjé kéékèèké tiwọn, ṣùgbọ́n Bashiru dà bí ẹni tó ń wo àwọn obìnrin tó ń jọ gààrí lódìkejì odò: ó ń rí ọwọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dorí kodò.

Lẹ́yìn náà ni olùdarí yíjú sí àwọn tó dúró lẹ́yìn. Ohùn kan dìde láti ìsàlẹ̀, ó gba ilẹ̀ pákó wá, ó gba ẹsẹ̀ àga, ó sì wọ etí rẹ̀ kedere. Bashiru gbójú sókè. Apá Abibat ń lọ, ohùn náà ń lọ. Apá dúró, ohùn dúró.

“Ọmọ mi rèé!”

Ohùn sọ́míìlì ló fi sọ ọ́. Gbogbo òǹwòran tó jókòó níwájú wọn bojú wẹ̀yìn. Ọmọ́títí di orúnkún rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí orin parí, Abibat wá kúnlẹ̀ kí wọn. Ó súnmọ́ etí bàbá rẹ̀, ó ní kí ó má bínú, àwọn fáólíìnì, gòjé kéékèèké iwájú yẹn, ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbọ́, ẹnikẹ́ni kì í ka àwọn ará ẹ̀yìn sí.

“Èmi ò gbọ́ fáólíìnì kankan,” ni Bashiru wí. “Ìwọ àti àwọn tó dúró tì ọ́ nìkan ni mo gbọ́.”

Ọmọ náà di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bashiru dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí Atíkórí, ó na apá, ó ń fà á lọ fà á bọ̀, ó ń fi bí ọmọ òun ti ń ṣe é han ẹnikẹ́ni tó bá jáde.