Kí Ni Ẹ Fẹ́ Gé?

Aṣọ kẹsàn-án nínú méjìlá tí yàrá iṣẹ́ abẹ ń retí ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Tún-un-wọ̀n fi ọwọ́ ọ̀tún ti aṣọ síwájú, ó ń fi ìka mẹ́ta àti àtàǹpàkò ọwọ́ òsì darí rẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá òsì kò bá wọn ṣe. Ó ti ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi pélébé aṣọ dè é gírígírí. Ojú rírán wọ́ sápá kan. Ó tú u, ó tún un rán. Ó tún wọ́.

"Ta ló de ìka ẹ bí ẹni de ewúrẹ́ olè?"

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló béèrè láti ìdí tábìlì rẹ̀. Ó ti ń lọ aṣọ ní yàrá aṣọ ilé ìwòsàn yìí kí wọ́n tó gba Tún-un-wọ̀n síṣẹ́ aránṣọ.

"Èmi ni mo dè é, mà."

"Kí ló fi ṣe ọ́?"

"Mo ń kọ́ bí mo ṣe máa ṣiṣẹ́ láìsí i ni."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lára aṣọ.

Ọdún mẹ́ta ni ìka náà ti ń dá a lóró. Kò wú. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan omi tútù, ìrora á ta lójijì, á gba apá dé èjìká, omi á sì dà lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní ìka tí kò wú kì í dunni. Ó ní àwo ni kò fẹ́ fọ̀. Dókítà méjì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya àwòrán egungun, wọn kò rí nǹkan kan. Ọ̀kan ní kó máa sinmi. Ìkejì bi í bóyá ìrònú ló ń dà á láàmú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dé ọ̀dọ̀ dókítà ọwọ́. Ọkùnrin náà ní kó fi ìka tọ́ka síbi tó ń dùn ún. Tún-un-wọ̀n kọ̀: ìka tóbi jù, kò lè mú ojú ibẹ̀. Ó yọ píìnì kan láyà aṣọ rẹ̀, ó fi orí rẹ̀ roboto tẹ èékánná díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ojú ibi tí bọ́tìnì máa jókòó. Níbi mẹ́rin, kò sí nǹkan. Ní ìkarùn-ún, ó kígbe, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.

"Ta ló kọ́ yín?" ni dókítà wí. "Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn."

Ó wé aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ apá rẹ̀, ó fẹ́ ẹ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ráyè kọjá, ó wá fi píìnì tẹ ojú àmì náà. Kò dùn ún. Ó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ó tún un tẹ̀. Tún-un-wọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lórí àga.

"Kókó kan ni, láti ara iṣan ẹ̀jẹ̀. A ó gé e kúrò lọ́jọ́ Ẹtì."

Ó na fọ́ọ̀mù tó máa tọwọ́ bọ̀ sí i. Fóònù rẹ̀ dún, wọ́n ní ẹnì kan ń kú lọ, ó sì sáré jáde.

Ọjọ́ Ẹtì ti dé.

"Kí ni dókítà ní àwọn máa gé?" Ìyá Áyọ́ọ̀nù bi í nígbà tó gbọ́ ọ tán.

"Ó ní, 'A ó gé e kúrò.'"

"Èwo ni 'e'?"

"Ìka ni, mà. Kí ló tún kù tí wọ́n ń gé?"

"Kókó ńkọ́? Kókó ò lè jẹ́ 'e'?"

"Bàbá mi ní kókó lẹ́sẹ̀. 'A ó gé e' náà ni wọ́n wí fún wa. Ẹsẹ̀ ni wọ́n gé. Jẹjẹrẹ ni. Ọdún ò yípo tí bàbá fi ṣaláìsí."

"Ìwọ rèé! Bí aṣọ aláṣọ bá kù díẹ̀ káàtó, o ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn la ṣe ń pè ọ́ ní Tún-un-wọ̀n. Ọ̀rọ̀ ìka ara ẹ, o ò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Lọ bi í. Abéèrè kì í ṣìnà."

"Ẹni tó ń lọ síbi tí kò wù ú, ṣé ó burú tó bá ṣìnà? Tí mo bá bi í, tó bá ní ìka ni ńkọ́? Mi ò tíì sùn dáadáa látọjọ́ náà, mà. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka ìka mi."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù kò rẹ́rìn-ín. "Àìbéèrè ò ní kí wọ́n má gé e. Rán èyí tó kù, kó o gbé e lọ fúnra ẹ."

Ó rán èyí tó kù. Ó ká aṣọ méjèèjìlá, ó gbé wọn gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà ka aṣọ, ó pé. Dókítà ọwọ́ dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọwọ́.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ mú fọ́ọ̀mù wá?"

"Dókítà, kí ni ẹ fẹ́ gé?"

"Kókó yẹn ni, mà."

"Ìka ńkọ́?"

"Ìka ṣe kí ni?" Ojú rẹ̀ bọ́ sára pélébé aṣọ náà. Ó pa ẹ̀rọ omi. "Ta ló sọ fún yín pé a ó gé ìka?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ní, 'A ó gé e.'"

Dókítà tú ìka náà fúnra rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹnu mi ló ṣe yín báyìí. Kókó náà ò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó ṣọ̀wọ́n, mẹ́rin péré ni mo ti rí látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé kì í ṣe jẹjẹrẹ?"

"Irú rẹ̀ kì í sábàá jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó ṣí èékánná, a ó yọ kókó, a ó rán ojú ibẹ̀. Èékánná á hù padà. A ó sì yẹ kókó náà wò kó lè dá wa lójú."

"Ẹ kọ ọ́."

"Kí n kọ kí ni?"

"Gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ẹ pe kókó ní kókó, ẹ pe ìka ní ìka. Ẹ má kọ 'e'."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ Tún-un-wọ̀n, ó kọ ọ́ sí i: A ó yọ kókó abẹ́ èékánná ìka ìfábẹ̀lá òsì. Ìka yóò wà ní ipò rẹ̀. Tún-un-wọ̀n kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n na apá rẹ̀ sórí tábìlì, ó di etí ibùsùn mú.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà yín?"

"Gan-an ni, sà. Ẹ ṣáà máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, ó sì tẹjú mọ́ òkè àjà títí wọ́n fi parí. Kókó náà pupa nínú ìgò kékeré. Ní ilé ìwòsàn yìí, ẹni tí kò bá mú ẹbí wá ló ń gbé ti ara rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ó gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ọmọbìnrin kan gbà á lójú fèrèsé.

"Ta ló ni ín, mà?"

"Èmi ni mo ni ín tẹ́lẹ̀."

"Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó gba èsì."

Tún-un-wọ̀n béèrè ọjọ́ náà gan-an, ó béèrè aago, ó ní kí ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Ó gba ìwé náà, ó gbé ọwọ́ òsì sókè bí dókítà ṣe ní kó gbé e, ó sì kọrí sílé.